Ẹni Tó Bá Dì Í Ni Yóò Tú U

Nínú wọ́ọ̀dù egungun kan, òfin kan wà tí wọn kò kọ sára ògiri, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú. Dókítà tó bá fi pí-ó-pí, ìyẹn ẹfun tútù tó máa ń gan mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tó kán, di aláìsàn, yóò mú bírò, yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ sára pí-ó-pí náà. Láti ìgbà náà, ẹrù rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ayùn kàn án. Ọ̀gá wọn ló ṣe òfin náà, nítorí lọ́dún kan, dókítà kan tú ohun tí ẹlòmíràn dì, egungun tó ti ń jọ lẹ̀ mọ́ra yẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń di ẹ̀bi ru ara wọn. "Ẹni tó bá dì í ni yóò tú u," ni Ọ̀gá máa ń wí, tí yóò sì gbé ojú sókè bí ẹni tó ti parí gbogbo ẹjọ́ ayé. Òfin tó dára ni, lójú ẹni tí ẹsẹ̀ kò tíì dùn.

Dókítà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jẹ́ obìnrin. Ó wà ní ọdún kejì nínú ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ egungun. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, Ọ̀gá wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí? Ìwọ lo fẹ́ máa fa itan àgbàlagbà ọkùnrin bọ̀ sípò?" Ó fèsì pé, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, sà, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, Abẹ́rẹ́ sì di orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀rín ọjọ́ kan kò lè gbé ènìyàn la ọdún mẹ́fà já. Obìnrin méjì ló ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, kò sì sí èyí tó lò ju ọdún kan lọ nínú wọn kó tó kó ẹrù rẹ̀. Ìyá tó bí i pàápàá kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má pè é lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé o ò rí ojú tàbí eyín tí wàá máa tọ́jú ni? Ṣé ayùn àti òòlù lo fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ gbé dání?" Abẹ́rẹ́ kò bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, kò bẹ̀rù àìsùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ẹnì kan sọ pé apá rẹ̀ kò ká iṣẹ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n gbé káfíńtà kan wọlé. Iṣẹ́ òrùlé ni ọkùnrin náà ń ṣe. Pákó ló yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tó fi já bọ́. Egungun ojúgun rẹ̀ ọ̀tún ti dá sí méjì, ṣùgbọ́n awọ kò ya. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ó di ẹyọ bàtà kan mú, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun dì í mú. Ọkùnrin náà á tó ẹni ọdún márùnlélógójì, ẹlẹ́nu dídùn ni, ó ń ṣàwàdà bó ti ń pa eyín pọ̀.

"Dókítà, ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń jẹun o. Gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ ló lè kan ìṣó, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìkan ló ń dúró lórí òrùlé. Ọmọ mẹ́rin ló ń retí mi nílé, kò sì sí èyí tó ń jẹ oúnjẹ díẹ̀ nínú wọn."

"Ẹ má mikàn," ni Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Ẹ ṣì máa gòkè."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Kíkán náà kì í ṣe èyí tó le. Ó fún un ní oògùn, ó fa egungun náà títí ó fi jókòó sí ojú ara rẹ̀, ó sì fi pí-ó-pí dì í láti itan dé ìdí ìka ẹsẹ̀. Nígbà tó parí, ó dán bí àwo tánganran. Kò tíì di èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Níbí ni àṣìṣe ti wọlé, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán máa ń wú. Ẹran inú ojúgun ń wú, ẹfun kò sì mọ bí a ṣe ń fún èèyàn láàyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi ayùn la pí-ó-pí tuntun gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹran lè rí ibi wú sí. Bí wọn kò bá là á, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ìsàlẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́fà péré, ẹran ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Abẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ló fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kì í fẹ́ràn pí-ó-pí tí a là. Ó máa ń ní ó dà bí ẹ̀wù tí wọ́n ya mọ́ olè lọ́rùn. Aago mẹ́jọ sì ti ń lù, òní sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá yóò mú Abẹ́rẹ́ ṣe igbákejì ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́ abẹ ìbàdí. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá jáde lọ́sàn-án, òun á wá là á. Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí i.

Ọ̀gá kọjá, ó fi ìka gbá pí-ó-pí náà kó, kó. "Ta ló di èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dára."

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti dágbére fún káfíńtà.

Iṣẹ́ ìbàdí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Irin méjì ni wọ́n fi lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ láti fi fa ẹran sẹ́yìn kí Ọ̀gá lè rí egungun, kò sì gbọdọ̀ mì. Òógùn ń ṣàn sí i lójú, kò sí ọwọ́ tí yóò fi nù ún. Òórùn egungun tí ayùn ń jó gba inú yàrá kan. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ọ̀sì àgbà ti wọ́ọ̀dù yọjú, ó fi aṣọ bo imú.

"Dókítà, káfíńtà yẹn ní ẹsẹ̀ ń ro òun gan-an o."

"Ẹsẹ̀ tó dá sí méjì," ni Ọ̀gá wí láìgbójú sókè, "kí ló fẹ́ kó máa ṣe? Kó máa jó?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. "Ẹ fún un ní oògùn apàrora tó lágbára, mà."

Kò pé wákàtí méjì tí obìnrin náà tún dé. Ogún ọdún ló ti lò ní wọ́ọ̀dù yẹn, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń tètè bà. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Dókítà, oògùn ò ràn án. Mo ní kó mi ìka ẹsẹ̀, kò lè mì ín. Mo kàn rọra na ìka yẹn, ariwo tó pa, gbogbo wọ́ọ̀dù ló dìde jókòó. Pí-ó-pí yín ni. Ẹ jẹ́ kí n là á, tàbí kẹ́ ẹ wá."

Gbogbo ohun tí Abẹ́rẹ́ kà nínú ìwé nípa ẹsẹ̀ tó ń kú ni obìnrin náà kà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọ̀kan kò ṣẹ́kù. "Sà," ló wí, "pí-ó-pí mi kan..."

"Ta ló dì í?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o dì í dáadáa àbí o ò dì í dáadáa?"

"Mo dì í dáadáa, sà."

"Kí ló wá ń mì ọ́ lọ́wọ́? Irin yẹn ti ń yẹ̀."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù fún un láti sọ: sà, ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn, ẹ jẹ́ kí n lọ. Bó bá sọ ọ́, á jẹ́wọ́ pé kò là á. Bó bá ní kí nọ́ọ̀sì là á, lójú Ọ̀gá ni yóò ti ní kí ẹlòmíràn tú ohun tí òun dì, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò ní bá a wí ju bó ti yẹ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ohun tó kéré sí èyí pa ohun tó ṣe pàtàkì run. "Mò ń bọ̀, mà," ló sọ. "Ẹ fi kún oògùn ẹ̀." Obìnrin náà wò ó, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó ku díẹ̀ kí aago kan lù. Ẹlòmíràn ṣì ń dúró láti gorí tábìlì, wọ́n sì ní láti fọ yàrá. Abẹ́rẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti kọjú sí ọ̀nà wọ́ọ̀dù nígbà tí Ọ̀gá pè é sí yàrá ìsinmi, tó ti ìjókòó kan sí i. "Abẹ́rẹ́, jókòó. Ẹ bu tíì fún un." Ọ̀gá kì í ní kí ọmọ iṣẹ́ jókòó. Àwọn tó ti lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ rẹ̀ kò tíì jókòó níbẹ̀ rí. Bó ti dúró tó ń ṣiyè méjì ni nọ́ọ̀sì àgbà tún yọjú.

"Ó ti dákẹ́," ló wí. "Ó ní kò dun òun mọ́. Ó ti sùn."

Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. Ó jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: kò sí ohun tó burú tó ìdákẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ tó ń ké, ẹsẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni. Èyí tó dákẹ́ lójijì, tí ẹnikẹ́ni kò sì tú u, iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ ló ti kú. Abẹ́rẹ́ mọ èyí náà. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó rọni lọ́rùn ni ọkàn ń yára gbà gbọ́. Ó mu tíì. Ọ̀gá ń sọ bí òun ṣe dúró nídìí tábìlì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, tí òun kò tọ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ife rẹ̀ ṣófo, wọ́n pè wọ́n padà sínú.

Aago mẹ́rin kọjá kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó sáré dé wọ́ọ̀dù. Káfíńtà ti jí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ti tù mí. Oògùn yín kì í ṣe kékeré."

Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù, ó funfun bí ẹfun tí wọ́n fi dì í. Ó mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ gún un ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" ni ọkùnrin náà bi í.

Abẹ́rẹ́ já ayùn gbà, ó la pí-ó-pí rẹ̀ tó dán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ le bí igi. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ la ẹran ojúgun náà lọ́tùn-ún lósì kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè. Ó fi irin gbígbóná kan ẹran náà wò bóyá yóò fò bí ẹran ààyè. Kò fò. Ó kan ibòmíràn. Ìyẹn náà kò fò. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀gá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wo aago ara ògiri, kò wo Abẹ́rẹ́.

Wọ́n retí ọjọ́ mẹ́ta bóyá nǹkan yóò yí padà. Ibà ló dé. Ìtọ̀ ọkùnrin náà dúdú, oró ẹran tó kú ti ń wọ inú kíndìnrín rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Ọ̀gá ní gígé ló kù, lókè orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀mí ni yóò bá a lọ. Ó pe Abẹ́rẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Fáìlì káfíńtà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì.

"Aago kan ọ̀sán, láàárín iṣẹ́ abẹ méjì," ni Ọ̀gá wí. "O lọ wò ó. Ìka ẹsẹ̀ gbóná, ó ń mì. Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mi ò lọ, sà."

"Mo mọ̀ pé o ò lọ. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ní kó o jókòó?" Ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó darúgbó lójú Abẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Èmi náà ní tèmi. Obìnrin kan ni. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún. Bí mo bá rí i láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn lónìí, màá dá a mọ̀. Wọn ì bá ti lé mi. Ẹnì kan ló ti bírò sí mi báyìí, ó ní kí n kọ ọ́. Ka àwọn tó ti fẹsẹ̀ ara wọn jáde níbí láti ìgbà yẹn. Bó o bá kọ òtítọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ò ní hù. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa lé."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Abẹ́rẹ́ mú bírò, ó kọ ọ́. Àfọwọ́kọ rẹ̀ dára, kò sí ibi tó ti gbọ̀n.

"Ìwọ lo máa gé e," ni Ọ̀gá fi kún un nígbà tó ń dìde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: gígé ni iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì ń retí kó pé mẹ́wàá nínú ìwé ẹ̀kọ́ kí ènìyàn tó lè bọ́ sí ọdún kẹta. Mẹ́fà ni Abẹ́rẹ́ ní. "Lọ gba ìfọwọ́síwèé rẹ̀."

Ọ̀sán ni. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì káfíńtà. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àga pákó tó ti ń jókòó sí láti ọjọ́ kìíní, ó ń fi aṣọ tútù nu ọrùn ọkọ rẹ̀. Ó hàn lójú àwọn méjèèjì pé wọ́n ti sunkún tán.

"Dókítà," ni ọkùnrin náà wí, "Ọ̀gá yín ti bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n ní ẹ tiẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò mí láago kan ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo sùn, pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ náà nígbà yẹn. Ẹ ṣeun. Ẹ ò pa mí tì."

Abẹ́rẹ́ kò lè wò ó, ló bá wo ìyàwó. Obìnrin náà fún omi kúrò lára aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Kò kúrò lórí àga yẹn lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Abẹ́rẹ́.

"Mi ò rí yín o, Dókítà," ni obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́. "Àmọ́ mo lọ bu omi lẹ́ẹ̀kan. Bóyá ìgbà yẹn lẹ wá."

Bó bá jẹ́ èébú ni, Abẹ́rẹ́ ì bá ti rí ẹnu sọ̀rọ̀. Àánú yìí ló pa á. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òun kúnlẹ̀ ṣá, lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Mi ò wá, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá pè mí. Ó yẹ kí n ti la pí-ó-pí yẹn láàárọ̀ tí mo dì í, mi ò là á torí ó rẹwà lójú mi. Nọ́ọ̀sì fẹ́ là á, mi ò jẹ́ kó là á. Nígbà tí wọ́n ní ẹ ti dákẹ́, tíì ni mò ń mu. Ohun tó wà nínú fáìlì, irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó sínú bàsíà. Ó dìde, ó jáde, kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọkùnrin náà kò pariwo. Àjà ló ń wò.

"Ta ló máa gé e?" ló bi í níkẹyìn.

"Èmi ni wọ́n ní kí n gé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹlòmíràn, mo lè..."

"Rárá. Ìwọ ni." Ó na ọwọ́ sí ìwé náà, ó fọwọ́ sí i, ó jù ú padà sí i lára. "Tó o bá gé e tán, ìwọ náà ni kó o gbé e. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ gbé e. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ṣí fáìlì náà, ó fa ìlà la irọ́ aago kan já, ó kọ bó ṣe rí gan-an sábẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá kà á níbi tó ti ń fọwọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò bínú, kò yìn ín. "Wọ ìbọ̀wọ́ rẹ," ló kàn wí.

Abẹ́rẹ́ gé e dáadáa. Kí n má parọ́, kò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó di gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀, ó fi ẹran tó pọ̀ tó sílẹ̀ láti bo orí egungun. Nígbà tí ayùn já, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ na ọwọ́ méjèèjì láti gba ẹsẹ̀ náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e fúnra mi," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ó ti gé mẹ́fà ṣáájú, kò gbé ọ̀kankan rí. Kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń wúwo nìyẹn. Bó ti gbé e kúrò lórí tábìlì, orúnkún ẹsẹ̀ náà tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó wà láàyè, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì bà á ní ẹ̀gbẹ́. Ó fẹ́ bọ́. Ó gbá a mọ́ra. Nọ́ọ̀sì tún sún mọ́ ọn, Abẹ́rẹ́ mi orí pé rárá. Ọ̀gá ní kó yára gbé e sínú àpò, kí àwọn rán ojú ọgbẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni dé ìdí àpò náà. Abẹ́rẹ́ rìn ín, òun nìkan, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí kò mọ bí òun yóò ṣe gbé e kalẹ̀.